Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Lórí Pikọ́ọ̀pù Gìtá fún Orin Metal

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ju ti àgbà lọ, ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá ní ọmọ tí ń ta gìtá nínú ilé, tí ariwo ẹ̀rọ ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kí ó fojú ba oorun, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun pẹ̀lú. Pikọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí àwọn onígìtá wa tí ń sọ Faransé ń pè ní micro: ohun pẹlẹbẹ tí a dè mọ́ àyà gìtá lábẹ́ okùn, tí ó ń gba ohùn okùn kí ó tó rán an sí ampilifáyà. Mo sì fẹ́ sọ bí ẹni tí ó fẹ́ máa fi gìtá kọ orin metal, orin líle tí a ń yí gain (bọ́tìnnì tí ń mú ohùn le nínú ampilifáyà) sókè fún, ṣe lè yan èyí tí yóò jẹ́ kí a gbọ́ orin rẹ̀ yékéyéké.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kan Kamina, ìlú wa lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò, nínú èyí, èsì mi ni pé ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí ti mọ iṣẹ́ gbígba ohùn kékeré mú kí a tó bí púpọ̀ nínú àwọn òbí wa. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni ilé iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì, lábẹ́ àbójútó Anton Codelli, gbé àwọn òpó irin ró níhìn-ín, tí òmíràn nínú wọn ga tó mítà 120, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sì fi òógùn wọn ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1914, Kamina ti ń bá ìlú Nauen, tí ó wà lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó jìnnà ju kìlómítà 5,000 lọ. Iná mànàmáná tí ó ń ti Nauen dé orí wáyà àwọn òpó wọ̀nyí kéré jọjọ, ààrá àti mànàmáná ojú ọ̀run ilẹ̀ wa sì ń da ariwo bò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kì í ṣe bí wọn yóò ṣe mú ohùn náà pọ̀ sí i ni wàhálà àwọn tí ń gbọ́ ọ, bí kò ṣe bí wọn yóò ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ariwo. Ogun kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé súnmọ́ tòsí, àwọn ará Jámánì fúnra wọn wó àwọn òpó náà lulẹ̀ ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26. Àlàpà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún onígìtá ni pé ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́: bí ó ti ń gbé ohùn ga ni ó ń gbé ariwo ga, nítorí náà ibi tí a ti kọ́kọ́ gba ohùn mú ni a ti gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Iṣẹ́ tí pikọ́ọ̀pù ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Òòfà wà nínú rẹ̀, a sì fi wáyà bàbà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó irun orí wé e yí ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní kọ́ìlì. Nígbà tí okùn gìtá, tí ó jẹ́ irin, bá ń gbọ̀n lórí òòfà yìí, agbára òòfà náà a máa ru sókè, a máa rọlẹ̀, iná kékeré kan a sì jí nínú wáyà tí a wé, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí okùn ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Iná yìí ni ampilifáyà ń gbà tí ó ń sọ di ohùn tí ń mi ilé. Los Angeles ni George Beauchamp ti ṣe irú rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ kẹ́sẹ járí ní ọdún 1931, òun àti Adolph Rickenbacker sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tuntun náà kò sì pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ agbo jùjú, tí okùn tí a fi ìka ta sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ìlù figagbága láìtìjú. Ẹni tí ó bá ń sọ pé gìtá oníná kì í ṣe ohun ìní ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, ẹ bá mi sọ fún un pé ó pẹ́ kí ó tó jí.

Orin metal ni tirẹ̀, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti jáde wá, nígbà tí ẹgbẹ́ Black Sabbath gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970. Tony Iommi tí ń ta gìtá fún wọn jẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin ti gé orí ìka rẹ̀ méjì, nígbà tí ó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti tẹ̀. Okùn tí a bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní ni àwọn onímetal ti ń sọ ohùn gìtá wọn kalẹ̀, tí wọ́n sì ń yí gain sókè, àwọn méjèèjì yìí gan-an ni wọ́n sì jẹ́ kí yíyan pikọ́ọ̀pù di ọ̀rọ̀ tí ó gba àròjinlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀ fínnífínní. Gain púpọ̀ a máa gé orí ìgbì ohùn dànù, ibi tí ó ti gé e yìí sì ni líle orin náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ohùn méjì bá jọ wọ inú ẹ̀rọ tí ń gé ìgbì báyìí, wọn kì í jáde bí wọ́n ti wọlé. Ohùn mìíràn a máa bí láàárín wọn, tí iye ìgbà tí ó ń gbọ̀n jẹ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ti àwọn méjèèjì. Okùn gìtá tí ó nípọn jùlọ, bí a kò bá dẹ̀ ẹ́, a máa gbọ̀n nígbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ta á pọ̀ mọ́ ohùn tí ń gbọ̀n nígbà 123, tí àwọn olórin mọ̀ sí ohùn karùn-ún rẹ̀, èyí tí yóò bí láàárín wọn yóò máa gbọ̀n nígbà 41, ìdajì 82 géérégé, yóò sì fi ara mọ́ ìdílé, orin náà yóò sì le koko. Ṣùgbọ́n bí a bá ta 82 pọ̀ mọ́ 98, èyí tí yóò bí yóò jẹ́ 16, tí etí ọmọ ènìyàn kò tilẹ̀ lè gbọ́ bí ohùn, bí kò ṣe pé kí ó máa gbọ́ ìgbọ̀nrìrì àti ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímetal fi fẹ́ràn ohùn karùn-ún. Ìdí náà sì nìyí tí pikọ́ọ̀pù tí ń da ohùn ńlá ìsàlẹ̀ wọlé ní àdàjù fi ń ba orin jẹ́, nítorí pé bí ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wọ inú gain bá ti pọ̀ tó ni ẹrẹ̀ tí yóò ti ibẹ̀ jáde yóò pọ̀ tó. Ẹni tí ń ṣe ògì mọ̀ pé kí a tó gbé e kaná ni a ń sẹ́ ẹ. Èèrí tí a kò bá sẹ́ kúrò, iná kò ní yọ ọ́, ńṣe ni yóò sè é mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn ńlá ìsàlẹ̀ nínú orin rẹ̀, kí ó fi bọ́tìnnì ampilifáyà dá a padà lẹ́yìn tí gain bá ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Ọ̀tá kejì ni kíkùn iná. Iná tí ń wá sí ilé wa, títí kan èyí tí a ń fà láti ìsédò Nangbéto lórí odò Mono tí kò jìnnà sí wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987, a máa yí padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkùn rẹ̀ a sì máa jáde ní 50 àti ní 100. Kọ́ìlì pikọ́ọ̀pù kò mọ̀ bóyá okùn ni ó ru òun tàbí wáyà iná tí ó gba ara ògiri kọjá. Ohun tí ó bá ti gbà ni yóò gbé lọ. 100 yìí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 98 tí okùn tí ó nípọn jùlọ ń mú wá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ojú kẹta, nítorí náà àárín orin gan-an ni kíkùn náà ń jókòó sí. Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ni ó wá ojútùú sí i ní ọdún 1955. Kọ́ìlì méjì ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì yí ti èkejì sí òdìkejì, àti wáyà rẹ̀ àti ojú òòfà rẹ̀. Ohùn okùn tí ó wọ inú méjèèjì dàpọ̀, ó di ọ̀kan, ó sì lágbára sí i. Ṣùgbọ́n kíkùn iná tí ó wọ inú méjèèjì dojú kọ ara rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Èyí ni a ń pè ní humbucker. Fún ẹni tí yóò yí gain sókè, kí ó má ṣe wulẹ̀ máa wá ibòmíràn bẹ̀rẹ̀: oníkọ́ìlì méjì ni kí ó rà, ẹ̀bá ìdí okùn lọ́dọ̀ afárá gìtá ni kí ó sì fi í sí, nítorí pé ibẹ̀ ni okùn ti le jùlọ, tí ohùn rẹ̀ sì mú jùlọ.

Wàyí o, oríṣiríṣi ni humbucker, ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń kọsẹ̀ sí nìyí, nítorí pé èyí tí wọ́n bá gbọ́ pé ó lágbára jùlọ ni wọ́n máa ń sáré lọ bá. Àwọn tí ń tà á a máa fi iye ohm rẹ̀, ìyẹn bí wáyà rẹ̀ ti ń dènà iná tó, polówó. Ti àwọn humbucker Gibson àtijọ́ kì í sábà ju kílò-ohm 8 lọ púpọ̀. Super Distortion tí Larry DiMarzio gbé jáde ní ọdún 1972 tó 13. Èyí tí Seymour Duncan ń pè ní JB sì tó 16. Ṣùgbọ́n iye yìí kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára tààrà. Bí wáyà ti gùn tó àti bí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ó ń sọ. Bí a bá ti ń wé wáyà kún un, agbára ohùn a máa pọ̀ sí i, ohùn àárín a máa wú, ohùn òkè tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ kí a mọ ìgbà tí ìka kan okùn a sì máa sọnù. Ampilifáyà òde òní ti ní gain tó, ó sì ní àṣẹ́kù. Kò dúró de pikọ́ọ̀pù kí ó tó le. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní ti òòfà, èyí tí a fi seramíìkì ṣe a sábà máa mú kí ohùn ìsàlẹ̀ ṣù pọ̀ kí ó sì tètè dáhùn, nígbà tí èyí tí a ń pè ní Alnico, tí a fi aluminíọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì, kóbáátì àti irin pò pọ̀, a máa rọ̀ díẹ̀, a sì máa yí ká létí. Méjèèjì ni ó ṣeé fi kọ orin metal bí ẹni tí ó wé wáyà rẹ̀ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Irú mìíràn tún wà tí ń jẹ bátìrì. Ilé iṣẹ́ EMG, tí Rob Turner dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pàápàá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81, tí James Hetfield àti Kirk Hammett ti ẹgbẹ́ Metallica ta títí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Wáyà tí a wé sínú rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí bátìrì volt 9 ń bọ́ ni ó wà nínú rẹ̀ tí ń gbé ohùn náà ró kí ó tó jáde, nítorí náà kíkùn rẹ̀ kéré, wáyà gígùn tí ó so gìtá mọ́ ampilifáyà kì í sì í jẹ ohùn òkè rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ máa ní bátìrì ìpamọ́ lọ́wọ́, kí ó sì máa fa wáyà gìtá rẹ̀ yọ nígbà tí ó bá jáwọ́, nítorí pé bí wáyà náà bá ti wà nínú gìtá, bátìrì ń tán lọ ni, yálà a ń ta á tàbí a kò ta á. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìtọ́jú yìí, kí ó ra èyí tí kì í jẹ bátìrì, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ọwọ́ bá ti tẹ pikọ́ọ̀pù, iṣẹ́ kù. Sukúrúù méjì wà ní etí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, tí ń gbé e sókè tí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tẹ okùn mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kẹ́yìn lọ́rùn gìtá, kí o sì wo àyè tí ó wà láàárín okùn àti orí pikọ́ọ̀pù: bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 2 lọ́dọ̀ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, àti 3 lọ́dọ̀ okùn tí ó nípọn. Ó yẹ kí ìhà okùn nínípọn jìnnà díẹ̀, nítorí pé òun ni ó ní ohùn ìsàlẹ̀ tí ń da ẹrẹ̀. Fi gain sí ibi tí ìwọ ń fi í sí nígbà eré, kí o fi ẹ̀bá àtẹ́lẹwọ́ rọra bo okùn lọ́dọ̀ afárá, kí o sì ta á tà-tà-tà ní sísáré. Bí o bá gbọ́ títa kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọnú ara wọn, yí sukúrúù ìhà nínípọn sílẹ̀ ní ìdajì ìyípo, kí o tún ta á, kí o tún gbọ́. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ pa gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ pé híhan ni ó ń han, ó lè jẹ́ pé wáyà inú kọ́ìlì náà ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, nítorí pé a kò rì í sínú ìda nígbà tí a ṣe é, kò sì yẹ fún gain púpọ̀. Ohùn ohunkóhun kò ní fi bí pikọ́ọ̀pù ti dára tó hàn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí lọ.

Mo tún ní láti kìlọ̀ nípa sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Humbucker lè pa kíkùn inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè tún ilé tí kò ní wáyà ilẹ̀ ṣe. Bí iná bá ń gbé ọ lọ́wọ́ bí o ti fi kan okùn gìtá, yọ pùlọ́ọ̀gì kíákíá, kí o sì pe oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ kí o tó tún fọwọ́ kan ohunkóhun. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lásán ni mo ń sọ, ẹ wo Lomé. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ti ń kọ orin metal, Rock Ahavi ni aṣáájú wọn tí ń ta gìtá tí ó sì ń kọrin, wọ́n sì ti gbé àwo Zã Keli jáde ní ọdún 2019 àti Dzikkuh ní ọdún 2024. Èdè Ewe, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìlù ìbílẹ̀ àti agogo sì ń bá gìtá líle náà rìn. Ẹ ronú sí èyí dáadáa. Ìlù ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀, agogo ní tirẹ̀ lókè, gìtá tí ó bá sì da ohùn ìsàlẹ̀ bo gbogbo agbo yóò gbé ìlù mì, agogo nìkan ni a óò sì máa gbọ́ tí ń ké. Àwọn ará ìlú òyìnbó tí wọn kò ní ìlù báyìí nínú orin wọn lè fàyè gba gìtá tí ohùn rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Àwa kò lè ṣe é. Ọmọ Àyàn-Àgalú kì í ta ohun tí yóò pa ìlù lẹ́nu mọ́. Irin ni okùn gìtá, irin ni agogo, Ògún Lákáayé ni ó ni méjèèjì, kò sì sí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ fọ́ èkejì létí. Nítorí náà, bí mímọ́ ohùn bá jẹ́ afẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ọ̀ranyàn ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ onímetal ilẹ̀ wa.

Ìdájọ́ mi nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ onígìtá. Ẹ ra humbucker tí kò jẹ bátìrì, tí iye ohm rẹ̀ wà ní àárín kílò-ohm 10 sí 14, tí a ti rì sínú ìda. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju bí ojú ti fẹ́ ẹ lọ. Ẹ dín gain kù títí ẹ óò fi gbọ́ ìka yín, ẹ sì fi okùn tí ó nípọn sí i bí ẹ bá fẹ́ dẹ ohùn. Bí owó kò bá tó ra tuntun, bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: èyí tí ó wà lára gìtá yín lónìí, ẹ kọ́kọ́ sọ òun náà kalẹ̀, kí ẹ dín gain kù, kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé ọmọ tí ń ta gìtá jáde nítorí ariwo. Ẹ bá a wá sukudíráfà, kí ẹ sì sọ fún un pé ohùn tí ó mọ́ kì í nílò kí ó le tó bẹ́ẹ̀ kí aládùúgbò tó gbọ́ ọ.